Abẹ́rẹ́ ni Mo Fi Gbin Igi Inú Bíbélì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀. Ẹ ti rí àsíá tí àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ máa ń gbé ṣíwájú lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn, aṣọ ńlá tí wọ́n fi ọ̀pá méjì gbé, tí orúkọ ẹgbẹ́ wà lókè rẹ̀, tí igi tàbí àgùntàn wà láàárín. Ẹnì kan ló fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ ọnà yẹn sára aṣọ. Ní Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge títí ojú mi fi kọ̀ tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi.

Rálíátù lorúkọ mi. Kó má yà yín lẹ́nu. Mùsùlùmí ni bàbá mi, wọ́n ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Onígbàgbọ́ ni ìyá mi. Nílé wa ní Amùkókò, a ń ṣe Iléyá, a ń ṣe Kérésì, a sì ń bá àwọn ará ilé jẹ tiwọn. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́fà, kò pẹ́ sí ìgbà tí a gba òmìnira, ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Àsíá. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Opó ni Màmá Àsíá, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin míṣọ́n ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Wọn kì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo gan-an ló yẹ kí ẹ̀yin ọmọ-iṣẹ́ bẹ̀rù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wo bóyá ìka mi gùn ni. Wọ́n gbé e sí imú.

“Àkàrà lo jẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o nù ún gbẹ. Sátínì funfun kì í dárí jini.”

Gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn, ewé kan ṣoṣo ni mo ń rán. Kì í ṣe ewé kan lójúmọ́ o. Irú ewé kan náà ni, léraléra, lórí àkísà. Tí mo bá parí rẹ̀, Màmá á yí aṣọ náà padà, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wo iwájú. “Iwájú là ń fi han ènìyàn,” wọ́n á ní, “ẹ̀yìn ló ń sọ irú ẹni tó rán an.” Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tí mo kórìíra jù láyé: “Tú u.” Mo tú, mo tún un rán, mo tún tú. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kò fara dà á, ó lọ kọ́ irun dídì. Mi ò bú u. Ìyá mi ló ń sọ fún mi lálaalẹ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Màmá ní òfin kan tí mi ò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn rí. O kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kan igi inú Bíbélì kankan láìkọ́kọ́ ka ibi tí igi náà wà. Tí o bá kà á tán, ìbéèrè kan ni wọ́n máa bi ọ́: “Ta ló wà lábẹ́ ẹ̀?” Tí ó bá jẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, o gbọ́dọ̀ lè dáhùn pé Nàtáníẹ́lì ni. Tí ó bá jẹ́ igi júnípà, Èlíjà ni, lọ́jọ́ tó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni ìyẹn kan iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n ní, “Igi tí kò bá sẹ́ni lábẹ́ ẹ̀, igi ìdáná ni.”

Lẹ́nu wọn ni mo ti gbọ́ orúkọ àwọn ènìyàn tí àlùfáà kì í sábà wàásù nípa wọn. Màmá fẹ́ràn Ebedi-Meleki, ará Kúṣì tó fa Jeremáyà jáde nínú kòtò ẹrẹ̀, nítorí pé ó rántí ju àkísà sí i kí okùn má baà bó o lábíyá. “Ọkùnrin tó mọ ìwúlò aṣọ,” ni Màmá máa ń wí. Wọ́n sọ fún mi nípa Felisita pẹ̀lú, ẹrúbìnrin kan ní Kátéèjì, ní òkè lọ́hùn-ún nínú ilẹ̀ Áfíríkà yìí náà, tó bímọ sínú ẹ̀wọ̀n, tó sì kú nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́lá obìnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹpẹ́túà. Àwọn ìyá ìjọ kan ní Ìjọra Bàdíà fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ wọn. Àsíá tiwọn ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá jẹ́ kí n fọwọ́ kàn tí wọn kò ní kí n tú.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé a kò rí ọ̀pọ̀ igi wọ̀nyí rí. Ọ̀pẹ inú Bíbélì gan-an kì í ṣe ọ̀pẹ tiwa. Igi dàbínù ni. Ìyẹn rọrùn, àwọn Háúsá tó ń ta dàbínù ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Àmọ́ ta ló rí ólífì rí ní Amùkókò? Ẹgbẹ́ kan ní Àpápá fẹ́ ẹ̀ka ólífì lẹ́nu àdàbà. Màmá ya á, wọ́n ya á, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní ó jọ ewé gúáfà.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá mi níbi tí a ti ń jẹun.

“Ólífì?” ni Bàbá wí. “Ṣé sàìtúúnù nìyẹn? Àl-Kùránì náà dárúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

“Ẹ ti rí i rí ni, Bàbá?”

“Mi ò rí i. Àmọ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ayé ló ń gúnlẹ̀ síbẹ̀.”

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá ti wọ́ọ̀fù dé, wọ́n sì fi ìṣọ́ra yọ háńkáṣíìfù kan nínú àpò. Atukọ̀ kan, ará Ítálì, ló fún wọn. Ní ìlú tiwọn, ẹ̀ka ólífì ni wọ́n máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ó ti so ẹ̀ka kékeré kan mọ́ òkè ibùsùn rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ pé, ó tínrín, ó gùn ṣóńṣó, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí eérú. Bàbá kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tiwọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀ títí ó fi yé wọn. Nígbà tí mo gbé e fún Màmá Àsíá, wọ́n jókòó. Wọ́n wò ó títí, wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀yìn aṣọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n bá wọn kí Àlàájì dáadáa. Bàbá mi kò tíì lọ sí Mẹ́kà nígbà náà. Inú wọn dùn sí oyè yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Mo parí iṣẹ́ kíkọ́, mo gba òmìnira, ṣùgbọ́n mi ò kúrò lọ́dọ̀ Màmá. Ní àkókò yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣí káàkiri Àpápá, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n bá mi rí àyè sí ọ̀kan. Mo sọ fún Màmá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Wọn kò bínú. Wọ́n ní kí n ṣí ìwé Onídàájọ́, ibi tí àwọn igi ti ń wá ọba. Mo ka bí ólífì ṣe kọ̀ láti fi òróró rẹ̀ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀tọ́ kọ̀ láti fi adùn rẹ̀ sílẹ̀, tó fi kan igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní nǹkan kan tó máa fi sílẹ̀.

“Ṣé kí n má lọ ni, Mà?”

“Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ṣáà mọ ohun tí ò ń fi sílẹ̀.”

Mi ò lọ. Ẹlòmíràn lè lọ kó sì ṣe dáadáa. Èmi ò lọ ṣá.

Maṣíìnì ló tún kó wa sí wàhálà. Àwọn aránṣọ ní Ajégúnlẹ̀ ti ń fi maṣíìnì kó iṣẹ́ sára aṣọ, wọ́n á parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wa láàárín ọ̀sán kan. Àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ wọn. Màmá ní maṣíìnì ò mọ ta ló wà lábẹ́ igi. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹgbẹ́, a lè jẹ́ kó máa kọ ìyẹn kí àwa máa rán igi. A fa ọ̀rọ̀ yẹn títí. Nígbẹ̀yìn, Màmá gbà kí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi aṣọ bò ó fún oṣù kan bíi pé àlejò tí wọn kò fẹ́ kí ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá wọn lórí rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni omi dé.

Ẹni tó bá gbé Amùkókò nígbà yẹn mọ bí oṣù keje ṣe ń rí. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, omi gọ́tà yí padà, ó ń sàn wọlé dípò kó máa sàn jáde. Kí a tó gbé ìgbálẹ̀, ó ti dé orúnkún. Àsíá àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ ṣe àjọ̀dún wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, àwọn bátánì Màmá náà wà níbẹ̀, ewé tí wọ́n ti fi pépà gé láti ìgbà èwe wọn, kedari, sìkámórè, óákù, gbogbo rẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fa àpótí. Omi ń fà á padà.

Mẹkáníìkì kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, ọmọ Ùròbò, géńdé ọkùnrin. Ó wọ́ omi kọjá, ó ń pariwo, “Mama, lef am! Water no dey hear beg!” Màmá kò fi àpótí sílẹ̀. Ó kúkú gbé Màmá sẹ́yìn bí ẹni gbé ọmọ, ó sì gbé wọn jáde, Màmá ń fi ọwọ́ gbá a léjìká pé kó sọ àwọn kalẹ̀. Èmi gbé ohun tí mo lè gbé sórí.

Nígbà tí omi fà, a ṣí àpótí. Bátánì ti di ẹ̀kọ. Àwọ̀ àrán pupa ti ràn mọ́ sátínì funfun. A fọ̀, a sá, a fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Àwọn kan là, àwọn kan kò là. Èyí tó dùn wá jù ni àsíá Ẹgbẹ́ Débórà. Àsíá àtijọ́ ni, Màmá fúnra wọn ló rán an nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì gbé e wá kí a wulẹ̀ tún etí rẹ̀ ṣe ni. Kò sí ohun tó kù lórí rẹ̀ tí ojú lè dá mọ̀.

Màmá wo àpótí náà, wọ́n ní, “Ó parí.” Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Mo bá mú pẹ́ńsù, mo ya ewé ólífì. Wọ́n wò ó. Mo ya sìkámórè. Mo ya óákù. Gbogbo ohun tí wọ́n ti mú mi tú ló wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo ya kedari, Màmá fa pépà náà mọ́ra.

“Ẹ̀ka yìí ga jù,” wọ́n ní. “Tún un yà.”

Mo mọ̀ nígbà náà pé ara wọn ti ń bọ̀ sípò.

Àwọn méjì ló wá láti Ẹgbẹ́ Débórà. Àgbà kan tí a ń pè ní Màmá Ẹ́sítà, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àti akọ̀wé ẹgbẹ́, Bọ̀sẹ̀dé, tíṣà, tí kò ju ọjọ́ orí mi lọ. Wọn kò bú wa nítorí omi. Omi ti wọ ilé tiwọn náà. Ohun tí wọ́n bá wá ni bí àsíá tuntun ṣe máa rí.

Bọ̀sẹ̀dé sọ pé, “A fẹ́ kí ọ̀pẹ hàn dáadáa, Mà. Èyí tó wà lórí ti àtijọ́ kò jọ ọ̀pẹ.”

Màmá Ẹ́sítà ní, “Kò jọ ọ̀pẹ nítorí pé kì í ṣe ọ̀pẹ.”

Débórà méjì ló wà nínú Bíbélì. Onídàájọ́ ni gbogbo ayé mọ̀, òun ló ń jókòó lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n Débórà kan wà ṣáájú rẹ̀, olùtọ́ Rebeka, tó bá a kúrò nílé nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ikú rẹ̀. Wọ́n sin ín lábẹ́ igi óákù nísàlẹ̀ Bẹ́tẹ́lì, wọ́n sì sọ igi náà ní igi ẹkún. Òun ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Náánì ni gbogbo àwọn tó dá a sílẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ilé àwọn òyìnbó ní Àpápá ni wọ́n ti ń tọ́ ọmọ.

“Màmá, ẹ dákun,” ni Bọ̀sẹ̀dé wí. “Ọjọ́ ayọ̀ ni àjọ̀dún. Ta ló fẹ́ gbé igi ìsìnkú lọ síwájú pẹpẹ? Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń fẹ́ Débórà tó ṣe olórí. Iṣẹ́ náánì ti kọjá, a kì í ṣe náánì mọ́.”

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wo Màmá Àsíá kí wọ́n dá sí i, èmi náà ni wọ́n ń wò. Ìbéèrè wọn ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Màmá Ẹ́sítà, ta ló wà lábẹ́ óákù tiyín?”

Wọ́n ní, “Mo tọ́ ọmọkùnrin kan láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e ti ọsibítù dé títí tó fi ń sáré. Ẹ̀yìn mi ló ti kọ́ Yorùbá. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń padà sílùú wọn, mo bá wọn dé wọ́ọ̀fù. Ó ń ké, ó ní òun fẹ́ kí n pọn òun. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí mi ò fi rí ọkọ̀ náà mọ́, mo di ọ̀já mi mọ́wọ́. Mo padà sílé, kò sí ẹni tí mo lè sọ fún pé ọmọ mi lọ, nítorí kì í ṣe ọmọ mi. Ó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa. Ní ọjọ́ kan, a ń ka Bíbélì, a bá obìnrin yìí pàdé. Kò sí ẹsẹ kan tó sọ ọjọ́ tí Rebeka gan-an kú. Ṣùgbọ́n náánì rẹ̀, wọ́n sọkún rẹ̀ débi pé igi gba orúkọ.” Wọ́n wá yíjú sí Bọ̀sẹ̀dé. “Ìyá rẹ ló ka ẹsẹ yẹn sókè fún wa. Òun ló ní kí a fi sọ ẹgbẹ́.”

Bọ̀sẹ̀dé kò gbé ojú sókè. “Wọn ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn fún mi rí kí wọ́n tó kú,” ó ní. “Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní kí n lọ kàwé.”

“Nítorí ìwé yẹn ni wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà,” ni Màmá Ẹ́sítà wí.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ yanjú lójú ẹsẹ̀ o. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé, wọ́n sì pariwo níbẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ṣùgbọ́n igi tó bá fún mọ́ra jù kì í jẹ́ kí ara wọn rí oòrùn. Àwọn kan ya kúrò, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Débórà Onídàájọ́ sílẹ̀. Èmi náà ni mo rán ọ̀pẹ tiwọn, ó sì dára, mo fi dàbínù sí i dáadáa. Bọ̀sẹ̀dé kò bá wọn lọ.

Ti óákù, ojú Màmá Àsíá kò gbé e mọ́, wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́ pátápátá. Mo rán igi náà gbòòrò, ewé rẹ̀ ṣù. Mi ò rán sàréè sí i. Mo fi ọ̀já ìpọnmọ kan kọ́ sí ẹ̀ka tó wálẹ̀ jù, ọ̀já aláwọ̀ èlú pẹ̀lú ìlà funfun. Nígbà tí mo parí, Màmá Àsíá yí aṣọ náà padà, wọ́n fi ìka wá gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ojú kò lè dé mọ́. Wọ́n dá a padà fún mi. Wọn ò ní kí n tú u.

Kò pẹ́ púpọ̀ sí i ni Màmá Àsíá di olóògbé, ṣọ́ọ̀bù di tèmi. Maṣíìnì oníná dé, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn tó ń fi ọ̀dà tẹ àwòrán sára aṣọ dé. Mo ra èyí tí agbára mi ká, mo kọ́ èyí tí mo lè kọ́. Ewé nìkan ni mi ò fún ẹ̀rọ rán.

Nígbà tí Màmá Ẹ́sítà kú, ẹgbẹ́ gbé àsíá óákù tẹ̀lé wọn dé itẹ́ òkú. Oòrùn ọjọ́ náà mú, kò sí igi kankan níbẹ̀, koríko lásán ni. Àwọn tó ti ya kúrò náà wá, wọ́n gbé ọ̀pẹ tiwọn dání, wọ́n dúró sẹ́yìn díẹ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀, Bọ̀sẹ̀dé gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, ó rì í mọ́lẹ̀ lórí òkìtì erùpẹ̀, ó ní kí ẹni tó gbé ọ̀pá kejì ri tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lódìkejì. Òjìji aṣọ náà bọ́ sórí pósí. Bọ̀sẹ̀dé jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń pe ìyá rẹ̀ àti Màmá Ẹ́sítà pọ̀. Àwọn yòókù jókòó tì í, ẹlẹ́gbẹ́ ọ̀pẹ àti ẹlẹ́gbẹ́ óákù.

Erùpẹ̀ pupa ba etí àsíá náà jẹ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sí abẹ́ ìbòòji, mo tún etí rẹ̀ rán, mo yí i padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ká a, mo sì ní kí wọ́n wá gbé e. Iṣẹ́ mi nìyẹn.